Mímú Apín-Ìrántí bá Kọ̀ǹpútà Àfisínú Mu: Ohun tí a lè Gé àti Ohun tí a kò Gbọdọ̀ Gé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí dá lórí bí a ṣe ń ṣe àtúnṣe sí ètò tí ń pín ìrántí nínú kọ̀ǹpútà ńlá kí ó lè ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kéékèèké tí a fi sínú ẹ̀rọ mìíràn. Ètò dlmalloc tí Doug Lea kọ ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. A ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, a tọ́ka sí ibi márùn-ún tí àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ wáyé, a sì fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2021, èyí tí a ń pè ní BadAlloc, hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tó jọ ẹrù ni ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀. Ní ìparí, a dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà fi èdè Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ náà.

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí a bá dárúkọ kọ̀ǹpútà, ohun tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni èyí tó ní ojú bíi tẹlifíṣàn, tí a fi ń tẹ̀wé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó pọ̀ jù lọ láwùjọ kì í ṣe irú èyí. Inú mítà iná mànàmáná ni wọ́n wà, inú ẹ̀rọ POS, inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àti inú ẹ̀rọ tí dókítà fi ń wo bí ọkàn aláìsàn ṣe ń lù. Nínú iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà àfisínú ni a óò máa pè wọ́n, nítorí pé inú nǹkan mìíràn ni a fi wọ́n sí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a sì sábà máa ń rán wọn.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wa ni pé iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe atọ́nà rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kí ó sì yé e. Iṣẹ́ tó kù fún àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni kí a mú èdè náà dé ibi tí ìmọ̀ dé lónìí. Kókó tí a yàn yìí dára fún irú ìgbìyànjú bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ pínpín ni, pínpín kò sì ṣàjèjì sí Yorùbá.

2.0 Kí ni apín-ìrántí?

Ìrántí kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní mẹ́mórì, ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Báìtì ni a fi ń wọ̀n ọ́n; 1,024 báìtì ni a ń pè ní kílóbáìtì kan. A lè fi ìrántí yìí wé ilẹ̀ ẹbí. Ẹni tó fẹ́ dáko nínú ẹbí yóò lọ bá olórí ẹbí, yóò sì sọ ìwọ̀n ilẹ̀ tó fẹ́. Olórí ẹbí yóò wo ibi tó ṣófo tí ó sì tó, yóò tọ́ka sí i fún un. Nígbà tí onítọ̀hún bá ṣíwọ́ oko, ilẹ̀ náà yóò padà di ti ẹbí, a ó sì lè fún ẹlòmíràn.

Nínú èdè C, tí a fi ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò kọ̀ǹpútà àfisínú, àṣẹ tí a fi ń tọrọ ilẹ̀ ni malloc; èyí tí a fi ń dá a padà ni free. Ètò tó dúró gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí láàárín àṣẹ méjèèjì ni a pè ní apín-ìrántí. Apá ìrántí tí ó ń pín ni a óò pè ní òkìtì. A kò gbọdọ̀ fi òkìtì yìí pe àtòlérí, ìyẹn apá mìíràn nínú ìrántí tí kọ̀ǹpútà ti ń to iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ lé ara wọn lórí, tí ó sì ń mú èyí tó dé kẹ́yìn kúrò kọ́kọ́.

Ìṣòro tó tóbi jù fún apín-ìrántí ni ìfọ́síwẹ́wẹ́ àyè. Ẹ jẹ́ kí a wò ó báyìí. Ká ní òkìtì kan jẹ́ 100 báìtì, tí ẹni mẹ́rin sì gba 25 báìtì lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹni kìíní àti ẹni kẹta dá tiwọn padà. Àyè tó ṣófo ti di 50 báìtì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá wá tọrọ 40 báìtì, kò ní rí i gbà, nítorí pé 25 wà níhìn-ín, 25 wà lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ẹni kejì sì wà láàárín wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ní ń jẹ ejò níyà. Àyè ń bẹ, kò sì ṣeé lò.

3.0 Ètò dlmalloc

Doug Lea, olùkọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Oswego ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò yìí ní ọdún 1987. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ara rẹ̀ ni Wolfram Gloger ti ṣẹ̀dá ptmalloc, èyí tó di apín-ìrántí àkójọ-àṣẹ GNU tí Linux ń lò. Láti ara rẹ̀ náà ni apín-ìrántí inú newlib ti jáde, newlib sì ni àkójọ-àṣẹ èdè C tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfisínú ń lò. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ ìwà dlmalloc ti mọ ìwà ọ̀pọ̀ nínú ìdílé rẹ̀.

Èrò méjì ni ó gbé dlmalloc ró. Èkíní ni àmì ààlà, tí Donald Knuth ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The Art of Computer Programming, apá kìíní, ní ọdún 1968. Gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń gbin pèrègún sí ààlà oko, bẹ́ẹ̀ ni apín-ìrántí ń kọ ìwọ̀n ègé ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ààlà rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó ń sọ bóyá ẹnìkan ń lò ó tàbí ó ṣófo. Bí a bá dá ègé kan padà, apín-ìrántí yóò wo ààlà ọ̀tún àti ti òsì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣófo, yóò so ó pọ̀ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà, méjèèjì yóò sì di ègé ńlá kan. Báyìí ni a ṣe ń dín ìfọ́síwẹ́wẹ́ kù.

Èrò kejì ni ìpín-sí-agbọ̀n. Àwọn ègé tó ṣófo kì í wà nínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo; ìwọ̀n wọn ni a fi ń pín wọn sí agbọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ẹ̀dà 2.8, agbọ̀n 32 wà fún àwọn ègé kéékèèké, agbọ̀n 32 mìíràn sì wà fún àwọn ńlá. Bí ẹnìkan bá tọrọ, a kò ní máa wá gbogbo oko kiri; agbọ̀n tó bá ìwọ̀n náà mu ni a óò kọ́kọ́ wò.

4.0 Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé ńlá àti ilé kékeré

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní gígábáìtì 4 kì í ṣe ohun ìyanu mọ́. Ṣùgbọ́n ṣíìpù STM32F103C8, tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ní kílóbáìtì 20 péré. Ti orí tábìlì náà ju ìlọ́po 200,000 rẹ̀ lọ. ATmega328P tó wà lórí pátákó Arduino Uno tún kéré jù bẹ́ẹ̀. Kílóbáìtì 2 ni tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ kò mọ sí títóbi nìkan. Ní orí tábìlì, ètò aṣàkóso wà tí apín-ìrántí lè lọ tọrọ ilẹ̀ sí i lọ́wọ́ rẹ̀, ògiri sì wà láàárín ètò kan àti èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àfisínú, kò sí ẹni tí a óò tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ògiri. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ni pé a máa ń pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì, a sì máa ń tún un tàn, gbogbo ìfọ́síwẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á sì pòórá. Mítà iná lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àṣìṣe tó ń jẹ báìtì 16 lójúmọ́ kò tó nǹkan lórí tábìlì. Ní ilé kékeré, yóò jẹ kílóbáìtì 2 tán láàárín ọjọ́ 128.

5.0 Ibi márùn-ún tí àtúnṣe ti gbọ́dọ̀ wáyé

5.1 Orísun ilẹ̀

Dlmalloc kì í dá ìrántí fúnra rẹ̀. Ó ń tọrọ rẹ̀ ni. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà: sbrk, tí ń na òkìtì síwájú, àti mmap, tí ń gba ilẹ̀ sí ibòmíràn. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe yóò kọ́kọ́ pa mmap nípa fífi HAVE_MMAP sí 0, yóò sì kọ sbrk tirẹ̀. Bákan náà ni newlib ṣe ń retí pé kí olùṣe ẹ̀rọ pèsè sbrk fún un. Ìparí ibi tí ètò kó àwọn ohun ìlò rẹ̀ sí ni òkìtì yóò ti bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa gòkè. Láti òkè ni àtòlérí ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Bí sbrk kò bá ní ààlà tí ó gbọdọ̀ kọ̀ láti kọjá, àwọn méjèèjì yóò wọ inú ara wọn láìsí ariwo kankan. Dlmalloc tún ní àṣẹ create_mspace_with_base fún ẹni tó bá fẹ́ fún un ní ilẹ̀ kan pàtó kí ó máa pín ìyẹn nìkan.

5.2 Òdiwọ̀n ìtọrọ

Nígbà tí ilẹ̀ bá tán, dlmalloc kì í tọrọ báìtì kọ̀ọ̀kan. Bí sbrk ni ó ń lò, ojú-ewé ìrántí kan ni yóò tọrọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 4,096 báìtì. Bí mmap nìkan ni, kílóbáìtì 64 ni. Ẹ wò ó: 4,096 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìrántí STM32F103C8, kílóbáìtì 64 sì ju gbogbo rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá gbé ètò náà wọlé láìyí òdiwọ̀n yìí padà yóò rí i pé malloc kọ̀ fún òun nígbà tí àyè ṣì wà. Àtúnṣe rẹ̀ kò nira: a lè fi òdiwọ̀n sí 256 tàbí 512, níwọ̀n bí iye náà bá ti jẹ́ èyí tí a rí nípa fífi 2 sọ 2 di púpọ̀ léraléra.

5.3 Owó iṣẹ́ olùpín

Olórí ẹbí náà ní ibi tó ń gbé lórí ilẹ̀. Lórí ṣíìpù 32 bíìtì, àwọn agbọ̀n dlmalloc 2.8 nìkan ń gba 392 báìtì kí ẹnikẹ́ni tó tọrọ ohunkóhun. Lẹ́yìn èyí, ègé tó kéré jù lọ jẹ́ báìtì 16. Bí ètò kan bá tọrọ báìtì 4 ní ìgbà 200, 800 báìtì ni ó rò pé òun gbà, ṣùgbọ́n 3,200 ni yóò lọ. Ojútùú rẹ̀ ni kí ètò náà tọrọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì fúnra rẹ̀ pín in, tàbí kí a lo apín-ìrántí tí kò ní agbọ̀n púpọ̀. Irú èyí ni ó wà nínú newlib-nano. FreeRTOS, tí Richard Barry dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, pèsè márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, láti heap_1 tí kì í gba ilẹ̀ padà rárá, dé heap_4 tí ń so àwọn ègé òfìfo pọ̀, àti heap_5 tí ń pín ilẹ̀ tí kò sí lójú kan.

5.4 Àkókò àti ìjálù

Kọ̀ǹpútà àfisínú máa ń ní iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ pẹ́. Olùṣe rẹ̀ kò béèrè bí malloc ṣe ń yá sí lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbéèrè rẹ̀ ni bí yóò ṣe pẹ́ tó lọ́jọ́ tó bá burú jù. Nítorí èyí ni Masmano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì ṣe gbé TLSF jáde ní ọdún 2004, apín-ìrántí tí àkókò ìṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ààlà tí kì í kọjá. Ohun kejì ni ìjálù, ìyẹn nígbà tí ẹ̀rọ bá já lu iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ láti dá nǹkan pàjáwìrì lóhùn. Bí ìjálù bá wáyé nígbà tí olórí ẹbí ṣì ń gbin pèrègún, tí ẹni tó jálù náà sì tọrọ ilẹ̀, ààlà yóò dàrú. Nítorí náà ni newlib ṣe fi àyè __malloc_lock àti __malloc_unlock sílẹ̀ kí olùṣe ẹ̀rọ fi àgádágodo tirẹ̀ síbẹ̀. Òfin tó dájú jù ni pé kí a má ṣe pe malloc láti inú ìjálù rárá.

5.5 Ìkọ̀jálẹ̀

Bí ilẹ̀ bá tán, malloc yóò dá 0 padà. Lórí tábìlì, ó ṣọ̀wọ́n kí èyí ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti jókòó lórí àṣà àìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ọ̀pọ̀ ṣíìpù kékeré, àdírẹ́ẹ̀sì 0 jẹ́ ibi gidi tó ṣeé kà. Ètò tí kò bá yẹ ìdáhùn wò lè máa ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láìmọ̀.

6.0 Ohun tí a kò gbọdọ̀ gé

Gbogbo ohun tí a ti sọ bọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ dídín ẹrù kù. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń dín ẹrù kù lè gé àyẹ̀wò kúrò pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Microsoft kéde pé àwọn rí àléébù tó lé ní 25 nínú apín-ìrántí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà àfisínú àti àkójọ-àṣẹ wọn. BadAlloc ni wọ́n pè é. Newlib ṣáájú ẹ̀dà 4.0.0 wà lára wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, BlackBerry kéde pé ó kan QNX, ètò aṣàkóso tó wà nínú ọkọ̀ àti nínú ẹ̀rọ ìwòsàn. Àjọ CISA àti àjọ FDA ti ìjọba Amẹ́ríkà sì kìlọ̀ fún àwọn tó ń lò ó.

Kí ni àléébù náà? Ẹ ronú sí pátákó ìkọ̀wé tí àyè nọ́ḿbà méjì péré wà lórí rẹ̀. Bí a bá ro 97 pọ̀ mọ́ 8, 105 ni ìdáhùn, ṣùgbọ́n 05 nìkan ni yóò rí àyè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ṣíìpù 32 bíìtì kò lè kọ ju 4,294,967,295 lọ. Bí ènìyàn burúkú bá mú kí ètò tọrọ 4,294,967,290 báìtì, tí apín-ìrántí sì fi báìtì 8 kún un fún àmì ààlà, ìdáhùn tó kù sílẹ̀ yóò jẹ́ 2. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ẹ̀rọ ni kò mọ̀. Apín-ìrántí yóò fún un ní ègé kékeré, yóò sì sọ pé òun ti fún un ní gbogbo ohun tó béèrè. Nígbà tí onítọ̀hún bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan síbẹ̀, orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ni yóò máa kọ ọ́ sí, títí kan àmì ààlà, ó sì lè ti ibẹ̀ gba àkóso gbogbo ẹ̀rọ.

Ti QNX wà nínú calloc, àṣẹ tí a fi ń tọrọ ègé púpọ̀ tí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Ìsọdipúpọ̀ ni ó wà níbẹ̀: 65,537 ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 65,536 báìtì yóò kọjá ààlà, ohun tí yóò sì kù lójú ẹ̀rọ jẹ́ 65,536, ìyẹn ègé kan ṣoṣo. Àyẹ̀wò tí ìbá dènà èyí kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ: kí apín-ìrántí kọ́kọ́ béèrè bóyá iye tí a tọrọ kọjá èyí tó ṣeé fún, kí ó tó ro ohunkóhun pọ̀. Ìwọ̀nba báìtì díẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí ń gbà. Kò sí ilé tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbà á.

7.0 Ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí a máa pín ìrántí nínú ẹ̀rọ kékeré?

Àwọn onímọ̀ kan gbà pé kò yẹ. Ìlànà MISRA C ti ọdún 2012, tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sọ pé kí a má ṣe lò ó. Ní ọdún 2006, Gerard Holzmann ti NASA gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún ètò tí ẹ̀mí tàbí iṣẹ́ ńlá rọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta nínú wọn ni pé kí a má ṣe pín ìrántí mọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti tán tí ó sì ti gbéra.

Ẹ̀rí wọn lágbára. Ẹ̀rọ tó pín gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, tí kì í sì gbà á padà, kò lè ní ìfọ́síwẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gba ìránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè mọ iye àti títóbi ìránṣẹ́ tí yóò dé. Ní èrò tiwa, ọ̀nà àárín wà: kí a pín ohun tí a mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a fi àkójọ ègé tí ìwọ̀n wọn dọ́gba bójú tó ohun tó ń wá tó sì ń lọ, nítorí pé ègé tó dọ́gba kì í fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàárín ara wọn, kí a sì fi apín-ìrántí bíi dlmalloc sílẹ̀ fún ibi tí a kò ti lè ṣe é ní ọ̀nà mìíràn.

8.0 Ìlò rẹ̀ ní kíláàsì

Olùkọ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìsí kọ̀ǹpútà kankan nítòsí. Kí ó ya àpótí 20 sí orí pátákó ní ìlà kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe olórí ẹbí, kí àwọn yòókù máa tọrọ àpótí 3, 5 tàbí 2, kí wọ́n sì máa dá a padà bí olùkọ́ bá ti pàṣẹ. Láìpẹ́, wọn yóò fojú ara wọn rí ìfọ́síwẹ́wẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí olùkọ́ sọ pé àpótí kan gbọ́dọ̀ di ti àmì ààlà nínú gbogbo ègé, kí wọ́n sì ṣírò ohun tó kù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kí a yọ àmì ààlà kúrò kí ilẹ̀ lè pọ̀ sí i, kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀, kí ó sì bi olórí ẹbí léèrè bí yóò ṣe mọ ibi tí oko kan parí sí.

Ní ti ọ̀rọ̀ ìperí, a kò sọ pé apín-ìrántí, òkìtì, àtòlérí, àmì ààlà àti ìjálù ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ títí láé. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ ohun kan máa ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ju èyí tó kàn ń ṣe àwòkọ ìró lọ. Orúkọ tí àwọn olùṣe ètò fún àṣẹ, bíi malloc àti free, ni a fi sílẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe bá a pàdé nínú ẹ̀rọ.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé mímú apín-ìrántí bá kọ̀ǹpútà àfisínú mu ní nínú kí a yí orísun ilẹ̀ padà, kí a dín òdiwọ̀n ìtọrọ kù, kí a ṣírò owó iṣẹ́ olùpín, kí a dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìjálù, kí a sì múra sílẹ̀ fún ìkọ̀jálẹ̀. A tún rí i pé àyẹ̀wò iye tí a tọrọ kò sí lára ohun tí a lè gé, bó ti wù kí ilé kéré tó. Ẹni tí ẹ̀rọ ìwòsàn ń ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀ kò mọ̀ pé apín-ìrántí wà láyé. Ẹni tó kọ ọ́ ni ó gbọ́dọ̀ bá a mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi èdè abínibí rẹ̀ lóye ìdí tí ààlà fi ṣe pàtàkì kì í yára fa pèrègún tu.